Ẹ̀rọ Tó Ń Ṣọ́ Ìgbóná Ọtí Tí A Ń Pọn Nílé: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Kí ni ẹ̀rọ yìí ń ṣe gan-an?

Ó ń wọn ìgbóná ọtí, ó ń fi iye tó rí wé iye tí ẹ fẹ́, lẹ́yìn náà á tan nǹkan tàbí kó pa nǹkan. Bí ọtí bá gbóná jù, á tan fìríìjì. Bó bá tutù jù, á tan hítà. Bó bá wà níbi tó yẹ, á fọwọ́ lẹ́rán.

Microcontroller ni ọpọlọ iṣẹ́ náà. Kọ̀ǹpútà bíńtín ni, tó wà nínú ẹyọ ṣíìpù kan. Ẹ ó kọ kóòdù sí i nínú, á sì máa tún kóòdù yẹn ṣe láìsinmi níwọ̀n ìgbà tí iná bá wà lára rẹ̀. Kò lágbára láti gbé fìríìjì fúnra rẹ̀. Àṣẹ ni tirẹ̀; relay, ìyẹn súìsì tó ń gba àṣẹ yẹn, ló ń ru ẹrù.

Ṣé ìgbóná ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀? Àwọn apọntí àtijọ́ kò kúkú ní ẹ̀rọ.

Wọn kò ní ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n wọ́n mọ àsìkò. Ní Bavaria, nílẹ̀ Jámánì, lọ́dún 1553, òfin ka pípọn bíà léèwọ̀ láti ọjọ́ 23 oṣù kẹrin títí di ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án, torí pé bíà ìgbà ooru kì í dára. Iṣẹ́ tí òfin yẹn ń ṣe ni ẹ̀rọ wa ń ṣe báyìí.

Ohun abẹ̀mí ni ìwúkàrà, òun ló ń sọ ṣúgà di ọtí. Èyí tí a fi ń pọn ale, oríṣi bíà kan, fẹ́ràn nǹkan bí 18°C sí 22°C. Ti lager, oríṣi bíà mìíràn, fẹ́ràn nǹkan bí 8°C sí 13°C. Bí ooru bá pọ̀ jù fún un, á sáré ṣiṣẹ́, á sì mú oríṣi ọtí líle kan jáde tó ń ta ọ̀fun, tó sì ń rùn bí ohun tí wọ́n fi ń po ọ̀dà. Bí otútù bá pọ̀ jù, á sùn, á rọ̀ sísàlẹ̀, ṣúgà á sì kù nílẹ̀ láìjẹ. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ló le jù, torí ìgbà yẹn ni púpọ̀ nínú adùn tàbí àbùkù ọtí ń wọlé. Bó bá jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta péré lẹ lè fi ṣọ́ ọ, ẹ ṣọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn.

Microcontroller wo ni kí n lò?

Èyí tó bá wà lọ́wọ́ yín ti tó. Arduino Uno, pátákó kan tí ṣíìpù ATmega328P wà lórí rẹ̀, ní 32KB fún kóòdù àti 2KB fún ìrántí ìgbà iṣẹ́, iṣẹ́ yìí kò sì lè jẹ ẹ́ tán bí ẹ bá kọ kóòdù yín níwọ̀ntúnwọ̀nsì. Bí ẹ bá fẹ́ máa wo ìgbóná ọtí lórí fóònù, ESP32 ni kí ẹ mú, torí Wi-Fi ti wà nínú rẹ̀.

Ohun kan ló yẹ kí ẹ fi sọ́kàn: 5V ni Uno fi ń ṣiṣẹ́, 3.3V ni ESP32. Ẹ má jẹ́ kí 5V kan pin ESP32 (ẹsẹ̀ irin kékeré tí a ń so wáyà mọ́). Relay mìíràn sì wà tí 3.3V kò lè tan dáadáa. Á máa tan lónìí, á kọ̀ lọ́la. Ẹ wò ó kí ẹ tó so ó.

Sẹ́ńsọ̀ wo ló yẹ?

DS18B20, èyí tí wọ́n fi irin tí kì í dípẹtà bò lórí. Nọ́ńbà ló ń fi ránṣẹ́, nítorí náà gígùn wáyà kì í yí ohun tó sọ padà. Àṣìṣe rẹ̀ kì í ju 0.5°C lọ sókè tàbí sísàlẹ̀ láàárín −10°C sí 85°C. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ tí kò sí lára òmíràn, ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè so márùn-ún mọ́ pin kan ṣoṣo.

Ó lè ka ìyàtọ̀ tó kéré tó 0.0625°C, ṣùgbọ́n kí ẹ rí 19.0625 lójú ẹ̀rọ kò túmọ̀ sí pé ó mọ òótọ́ dé ibẹ̀. Ayédèrú rẹ̀ náà pọ̀ lọ́jà, òmíràn sì ń ṣì ju 0.5°C lọ. Bí ẹ bá fẹ́ fi wọn omi tó ń hó, sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀ lè fara da 125°C, àmọ́ rọ́bà ara wáyà rẹ̀ lè má lè fara dà á. Ẹ bi ẹni tó tà á fún yín. DHT11 àti DHT22 kò wúlò níbí. Atẹ́gùn ni wọ́n ṣe wọ́n fún.

Báwo ni mo ṣe máa so ó, kí ló sì dé tí mo ń rí 85 tàbí −127?

Wáyà mẹ́ta ló ní. Pupa sábà máa ń jẹ́ iná, dúdú jẹ́ ilẹ̀, yẹ́lò jẹ́ ọ̀nà ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n àwọ̀ a máa yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe é. Ìwé tó bá a wá ni kí ẹ gbà gbọ́. Láàárín wáyà ọ̀rọ̀ àti wáyà iná, ẹ fi resistor 4.7kΩ kan (ohun bíńtín tó ń dín ìṣàn iná kù) sí i. Láìsí i, sẹ́ńsọ̀ kò ní lè fọhùn. Ẹyọ kan tó fún gbogbo sẹ́ńsọ̀ tó bá wà lórí wáyà yẹn.

85 ni nọ́ńbà tó máa ń wà nínú rẹ̀ nígbà tí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ara rẹ̀, kó tó wọn ohunkóhun. Bí ẹ bá ń rí i, ẹ ń kánjú kà á ni: ó ń gbà tó 750 mílísẹ́kọ́ńdì kó tó wọn ìgbóná tán. Ó sì lè jẹ́ pé iná ń já lára rẹ̀, tó fi ń kú tó ń jí. −127 ní tirẹ̀ jẹ́ àmì tí láíbìrì kóòdù fi ń sọ pé sẹ́ńsọ̀ kò dáhùn: wáyà ti já, tàbí resistor kò sí níbẹ̀, tàbí ojú ìsopọ̀ ti tú.

Ẹ má jẹ́ kí kóòdù yín ka èyíkéyìí nínú méjèèjì sí ìgbóná. Ẹ̀rọ tó bá gba −127 gbọ́ á rò pé ọtí ti di yìnyín, á sì tan hítà láìní pa á.

Ibo gan-an ni kí n gbé sẹ́ńsọ̀ sí?

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù lọ, torí ibí ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó dára ti ń ba ọtí jẹ́. Ẹ̀rọ kò mọ ọtí. Ohun tí sẹ́ńsọ̀ bá fara kàn nìkan ló mọ̀. Bí sẹ́ńsọ̀ bá ń fì nínú atẹ́gùn fìríìjì, atẹ́gùn lẹ̀ ń ṣọ́. Ìwúkàrà tó ń ṣiṣẹ́ a sì máa mú ooru tirẹ̀ wá: ọtí inú ike 20 lítà lè fi 3°C sí 5°C gbóná ju atẹ́gùn tó yí i ká lọ, nígbà mìíràn ó máa ń jù bẹ́ẹ̀. Atẹ́gùn á wà ní 20°C gẹ́lẹ́, inú ike á ti di 25°C, ojú ẹ̀rọ á sì máa sọ fún yín pé àlàáfíà ni.

Ọ̀nà méjì ló dára. Èkíní ni ọ̀pá irin tó ní ihò nínú, tó dí nísàlẹ̀, tí ẹ ti bọ inú ọtí láti ìdérí; inú rẹ̀ ni sẹ́ńsọ̀ á wà, tí kò ní kan ọtí rárá. Èkejì rọrùn jù: ẹ lẹ sẹ́ńsọ̀ mọ́ ara ike níta, ní agbedeméjì ibi tí ọtí ga dé, kó má ṣe bọ́ sókè níbi tí ike ti ṣófo. Ẹ fi fóòmù tó nípọn tó ìka méjì bò ó, kí ẹ sì dì í mọ́ ike pinpin. Fóòmù yẹn ni kì í jẹ́ kí atẹ́gùn tútù bá sẹ́ńsọ̀ sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ láìbò, ìlàjì òótọ́ ni ẹ ó máa kà.

Téèpù lásán kì í pẹ́ nínú fìríìjì, torí ìrì tó ń sẹ̀ sára ike. Èmi náà rí tèmi. Téèpù tú lóru ọjọ́ kan, sẹ́ńsọ̀ já bọ́ sísàlẹ̀ fìríìjì níbi tó tutù jù, ẹ̀rọ rò pé ọtí ló tutù, ó sì tan hítà mọ́jú. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, sẹ́ńsọ̀ wà nínú omi ìrì nílẹ̀, ara ike ń móoru lọ́wọ́ mi, ọtí ti dé 27°C. Láti ìgbà yẹn, rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ tí mo gé bí ìgbànú ni mo fi ń dì í lórí fóòmù. Kò tíì tú rí.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé sẹ́ńsọ̀ mi ń sọ òótọ́?

Ẹ fọ́ yìnyín wẹ́wẹ́ kún ife kan, kí ẹ da omi díẹ̀ sí i tó kàn fi máa bo àlàfo inú rẹ̀, ẹ rò ó pọ̀, ẹ ti orí sẹ́ńsọ̀ bọ àárín, kó má kan ara ife. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, ó yẹ kó sọ 0°C. Bó bá sọ 0.4, ẹ jẹ́ kí kóòdù máa yọ 0.4 kúrò nínú ohun tó bá kà.

Omi tó ń hó kò ṣeé gbára lé tó bẹ́ẹ̀, torí 100°C kì í ṣe ibi gbogbo. Bí ilẹ̀ bá ṣe ga sí ni omi ń tètè hó, nǹkan bí 1°C fún 300 mítà.

Ṣé relay ni kí n lò àbí SSR (solid-state relay)?

Fún fìríìjì, relay. Fún hítà ńlá tí ẹ ó máa tàn tí ẹ ó máa pa léraléra, SSR.

Relay ní irin kékeré nínú tí mágínẹ́ẹ̀tì ń fà. Ẹ ó gbọ́ tí á ró “ká”. Ó ń jẹra díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá ró, nítorí náà kò yẹ fún ohun tó ń tàn tó ń kú ní ìṣẹ́jú àáyá méjì méjì. 10A ni wọ́n sábà ń kọ sára àwọn kékeré aláwọ̀ búlúù, ṣùgbọ́n iná tí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ń fà nígbà tó bá ń gbéra lè jẹ́ ìlọ́po mélòó kan èyí tó ń fà tó bá ti ń sáré. Ẹ ra èyí tó tóbi ju ohun tí ẹ rò lọ. Ẹ má sì so relay lásán mọ́ pin tààrà: 20mA ni ó yẹ kí pin Uno máa gbé, irú relay yẹn sì ń fẹ́ nǹkan bí 70mA. Èyí tó ti ní transistor àti diode lórí pátákó rẹ̀ ni kí ẹ lò.

SSR kò ní ohun tó ń mì nínú, kì í dún, kì í sì í tètè gbó. Àmọ́ ó ń gbóná: nǹkan bí 1W, ó lé díẹ̀, fún 1A kọ̀ọ̀kan tó bá gba inú rẹ̀ kọjá. Bí hítà yín bá ń fa 9A, ẹ gbọ́dọ̀ de SSR mọ́ irin alumíníọ̀mù tó ń tú ooru ká. Ohun tó tún burú ni pé nígbà tí SSR bá jó, ó sábà máa ń jó sí títàn ni, tí kò ní ṣeé pa mọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń bọ̀ nísàlẹ̀.

Kí ló dé tí relay mi ń ró nígbà tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ẹ̀rọ?

Ọ̀pọ̀ pátákó relay ló jẹ́ pé LOW, ìyẹn àìsí iná lórí pin, ló ń tan wọ́n. Lórí Uno, ẹ kọ HIGH (iná wà) sí pin náà kí ẹ tó sọ ọ́ di OUTPUT (pin tó ń pàṣẹ). Bí ẹ bá ṣe é lódìkejì, á tàn fún ìṣẹ́jú àáyá bíńtín. Lórí ESP32, àwọn pin kan wà tó ń ga tó ń wálẹ̀ fúnra wọn nígbà tí ṣíìpù bá ń jí. Ẹ yẹra fún wọn.

Ṣé mo lè lo fìríìjì àtijọ́? Ṣé mo máa ní láti tú u?

Ẹ lè lò ó, ẹ má sì tú u. Ojú iná tí a ki fìríìjì bọ̀ ni kí relay máa já, kí ẹ sì yí bọ́tìnnì inú fìríìjì sí ibi tó tutù jù, kó lè máa ṣetán ní gbogbo ìgbà tí iná bá dé. Fìríìjì tó ní bọ́tìnnì ìtẹ̀ lójú lè má padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn tí iná bá já. Ẹ yọ ọ́ kúrò lójú iná kí ẹ tún kì í bọ̀ láti fi dán an wò kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ gbọ́dọ̀ ní ìsinmi. Nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró, gáàsì tó wà lápá kan le gan-an, ti apá kejì rọ̀. Bí ẹ bá ní kó tún gbéra kíákíá, kò ní lè yí. Á kàn máa fa iná ńlá, á máa kùn, títí ohun ìdáàbòbò rẹ̀ á fi já a, tàbí kó jóná bó pẹ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo máa ń fún un, mi ò sì gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó dín in kù sí mẹ́ta nítorí ìkánjú.

Kí ni kí n fi mú ọtí gbóná nínú fìríìjì?

Ìgbànú hítà tí a ń yí mọ́ ike, tàbí pẹrẹsẹ hítà tí a ń gbé ike lé, 25W sí 40W. Ẹ má lo gílóòbù. Ìmọ́lẹ̀ ń bá ohun tó wà nínú hops (òdòdó tó ń mú bíà korò) jà, á sì sọ bíà di olóòórùn burúkú tí kò ní àtúnṣe.

Títàn-pípa lásán ni kí n kọ sínú kóòdù, àbí PID (ìṣírò tó ń pinnu bí iná hítà ṣe máa pọ̀ tó)?

Fún fìríìjì, títàn-pípa lásán ni, pẹ̀lú àlàfo díẹ̀. Bí ẹ bá ń fẹ́ 19°C, kí fìríìjì tàn ní 19.5, kó kú bó bá ti dé 19. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ kò ṣeé tàn díẹ̀ pa díẹ̀, torí náà gbogbo ọgbọ́n PID á kàn ṣòfò lórí rẹ̀. Ogún lítà ọtí kì í sáré gbóná, kì í sì í sáré tutù; sùúrù rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ fún yín.

PID dára fún hítà ńlá tí ẹ fi ń ṣọ́ omi tí ẹ rẹ ọkà híhù sí. P ń wo bí ọ̀nà ṣe jìn tó báyìí. I ń ṣírò gbèsè tó ti wà nílẹ̀ láti ẹ̀yìn wá. D ń wo bí a ṣe ń sáré tó, kó lè tẹ bíréèkì kí a tó débẹ̀. Èsì tó bá mú jáde, bí 40 nínú 100, ẹ fi tan SSR fún ìdá yẹn nínú ìṣẹ́jú àáyá méjì tàbí márùn-ún, kí ẹ pa á fún ìyókù.

I ló ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú. Bí omi bá ṣì jìnnà sí ibi tí ẹ ń lọ, hítà ti tàn tán, kò lè ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n I á ṣì máa ka gbèsè jọ. Nígbà tí a bá débẹ̀, gbèsè ti pọ̀ débi pé hítà kò ní gbà kó kú, ìgbóná á sì kọjá lọ fẹ́ẹ́. Ẹ fi òdiwọ̀n sí I, tàbí kí ẹ má jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ ìṣírò títí ó fi ku 3°C kí ẹ dé ibẹ̀.

Mo ní 19°C, fìríìjì kú ní 19°C, síbẹ̀ ọtí ń lọ sí 17.5°C. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Fìríìjì kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ara ògiri rẹ̀ ṣì tutù nini, otútù yẹn á sì máa wọ ọtí fún ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú. Sẹ́ńsọ̀ tó wà nínú ọtí kì í tètè gbọ́ ìròyìn.

Ohun tó ń yanjú rẹ̀ ni sẹ́ńsọ̀ méjì. Ọ̀kan wà lára ọtí, ọ̀kan wà nínú atẹ́gùn. Kóòdù á máa bi ti ọtí pé, báwo la ṣe jìnnà tó? Bí ọtí bá fi 2°C gbóná ju bó ṣe yẹ, ẹ ní kí atẹ́gùn lọ sí 13°C. Bó bá ku 0.3°C, ẹ ní kí atẹ́gùn wà ní 18°C. Ti atẹ́gùn ló wá ń pàṣẹ fún fìríìjì ní tààrà. Fáànù kékeré kan nínú fìríìjì tún ń ṣèrànwọ́, nítorí otútù kò ní rọ̀ sísàlẹ̀ nìkan.

Hítà àti fìríìjì mi ń bá ara wọn jà.

Àlàfo tí ẹ fi sáàárín wọn ló kéré. Kí hítà má ṣe tàn àfi tí ọtí bá lọ sí 18.5, kí fìríìjì má ṣe tàn àfi tó bá dé 19.5, kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán kọjá lẹ́yìn tí ọ̀kan kú kí èkejì tó lè tàn. Ẹ kọ ọ́ sínú kóòdù pé àwọn méjèèjì kò gbọ́dọ̀ tàn pọ̀ láé, lábẹ́ ipòkípò.

Hítà wo ló tó láti gbé 20 lítà omi dé ibi tí a ti ń rẹ ọkà?

Lítà omi kan ń gba nǹkan bí 4.19kJ kó tó fi 1°C gbóná. Láti 20°C dé 70°C jẹ́ 50°C. Fún 20 lítà, ó jẹ́ nǹkan bí 4190kJ. Hítà 2000W á ṣe é ní bí ìṣẹ́jú 35, bí ooru kò bá sá lọ. Ooru á sì sá lọ, nítorí náà ẹ fi díẹ̀ kún un, kí ẹ sì fi nǹkan wé ara ìkòkò. Lórí iná 230V, 2000W ń fa bí 8.7A, lórí 120V, ó ń fa bí 16.7A, tí ojú iná 15A kò lè gbé.

Láàárín 62°C sí 65°C, omi ọkà á fún yín ní ọtí fúyẹ́ tí kò fi bẹ́ẹ̀ dùn. Ní 68°C sí 70°C, ọtí á nípọn lẹ́nu. 3°C péré ló pààlà sí wọn, nítorí náà omi gbọ́dọ̀ máa yí. Láìsí pọ́ǹpù tàbí ẹni tó ń rò ó, ìsàlẹ̀ ìkòkò á ti máa jóná nígbà tí sẹ́ńsọ̀ òkè ṣì ń sọ 64. Ẹ má sì tan hítà inú omi láìsí omi lórí rẹ̀, ì báà jẹ́ fún ìdánwò.

Bí iná bá lọ tó tún dé ńkọ́?

Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ rántí iye tí ẹ fẹ́, kó sì fún kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún rẹ̀ kó tó tan ohunkóhun, torí kò lè mọ̀ bóyá ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ni iná fi lọ tàbí wákàtí mẹ́ta.

Inú EEPROM, ìrántí tí kì í pa rẹ́ bí iná bá lọ, ni kí ẹ kọ iye yẹn sí. Ti ATmega328P ṣeé kọ nǹkan sí ní ìgbà 100,000 níbi kan náà. Ó dà bíi pé ó pọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń kọ ọ́ ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá, kò tó wákàtí 28 tí ó fi máa pé. Ìgbà tí iye bá yí padà nìkan ni kí ẹ kọ ọ́.

Ní gbogbo ìgbà tí fìríìjì bá gbéra, ẹ̀rọ mi á kú, á tún jí.

Iná ló ń fò. Ẹ jẹ́ kí microcontroller ní ṣájà tirẹ̀ tó dára, kí wáyà sẹ́ńsọ̀ má ṣe bá wáyà fìríìjì rìn pọ̀ nínú ìdì kan náà, kí ẹ sì fi snubber (ohun tó ń pa iná tó ń ta nígbà tí relay bá já) sí ojú relay. Bí nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ bá ń di wúruwùru ṣùgbọ́n tí kóòdù ṣì ń ṣiṣẹ́, ojú ẹ̀rọ nìkan ni ariwo iná náà dà rú; ẹ máa tún un bẹ̀rẹ̀ láti inú kóòdù ní wákàtí wákàtí.

Kí ló yẹ kó ṣẹlẹ̀ bí nǹkan bá bàjẹ́ nígbà tí mi ò sí nílé?

Kí gbogbo rẹ̀ kú. Bí sẹ́ńsọ̀ bá kọ̀ láti dáhùn ní ẹ̀ẹ̀mẹta léra wọn, tàbí tó sọ ohun tí kò lè rí bẹ́ẹ̀, bíi kí ọtí fi 10°C gbóná sí i láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ pa fìríìjì, ẹ pa hítà, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ ké. Ọtí tí kò sẹ́ni tó ṣọ́ ọ fún ọjọ́ kan ṣì lè dára; èyí tí ẹ̀rọ aṣìwèrè ṣọ́ kò lè dára. Ẹ tan watchdog náà: bí kóòdù bá há síbì kan, á tún ṣíìpù bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ti ATmega328P lè dúró dé ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ.

Ṣùgbọ́n kóòdù kò lè pa SSR tó ti jó sí títàn. Kò sí ohun tí ẹ kọ sínú rẹ̀ tó lè ṣe é. Fún ìdí yìí, ó gbọ́dọ̀ ní ohun mìíràn lójú ọ̀nà hítà tí kò gbọ́ àṣẹ microcontroller rárá: thermal fuse tó ń já fúnra rẹ̀ bí ooru bá kọjá ààlà. Fún ti inú fìríìjì, mo máa ń ṣe ohun kan sí i: mo máa ń yan hítà tó kéré débi pé, bí ó bá tàn fún ọjọ́ méjì gbáko, kò lè gbé ọtí kọjá 30°C. Mo fi omi dán an wò, mo tàn án, mo fi í sílẹ̀, mo kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Àìlágbára rẹ̀ ni ààbò rẹ̀.

Báwo ni mi ò ṣe ní jẹ́ kí iná gbé mi?

Omi àti iná ńlá lẹ kó pọ̀ síbì kan, ẹ má fojú kékeré wò ó. Gbogbo irin tí ọwọ́ lè kàn, ìkòkò, ara fìríìjì, àpótí ẹ̀rọ, gbọ́dọ̀ ní wáyà tó so ó mọ́ ilẹ̀. Ẹ ki gbogbo rẹ̀ bọ ojú iná tó ní RCD 30mA (ohun tó ń já iná bí iná bá ń jò gba ibi tí kò yẹ), èyí tí wọ́n ń pè ní GFCI ní Amẹ́ríkà, níbi tó ti ń tètè já ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fíúsì ń gba ilé lọ́wọ́ iná, ṣùgbọ́n kò lè gba ènìyàn. RCD ló ń gba ènìyàn.

Nínú àpótí, kí wáyà iná ńlá àti wáyà 5V má ṣe fara kanra. Ẹ gbé àpótí ga ju ìkòkò lọ, kí ẹ sì jẹ́ kí wáyà kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ kó tó gòkè wọ inú àpótí, kí omi tó bá tọ ara rẹ̀ lè kán sílẹ̀ níta. Bí ọwọ́ yín kò bá tíì mọ iná ńlá, ẹ pe oníṣẹ́ iná fún apá yẹn. Ẹ ṣe ti 5V fúnra yín.

Ṣé Wi-Fi pọn dandan?

Rárá. Ó wúlò fún wíwò, àti fún kíkọ ìgbóná sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá kí ẹ lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lóru. Ṣùgbọ́n ìpinnu títàn àti pípa gbọ́dọ̀ wà nínú ṣíìpù fúnra rẹ̀. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ, ọtí kò gbọ́dọ̀ mọ̀.

Ṣé ẹ̀rọ lè máa yí ìgbóná padà fúnra rẹ̀ bí ọjọ́ ṣe ń lọ?

Ó lè ṣe é, ibẹ̀ ló sì ti ń dùn mọ́ mi jù. Fún lager, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ ní 10°C, kí ẹ wá gbé e sókè dé 14°C fún ọjọ́ méjì nígbà tí iṣẹ́ ìwúkàrà bá ń parí lọ, kó lè jẹ diacetyl tó ń mú ọtí rùn bíi bọ́tà. Lẹ́yìn náà ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ó fò. 1°C sí 2°C lójúmọ́ ti tó.

Ọjọ́ tí ẹ kọ sínú kóòdù kò mọ̀ bóyá ìwúkàrà ti ṣe tán. Ẹ fi hydrometer (ohun tó ń wọn bí ṣúgà tó kù nínú ọtí ṣe pọ̀ tó) wò ó, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín tẹ bọ́tìnnì tó ń gbé e lọ sí ìpele tó kàn.

Ẹ̀rọ mi ṣiṣẹ́ dáadáa fún oṣù kan àti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lẹ́yìn náà fìríìjì kọ̀, kò tàn mọ́.

Ẹ ka ọjọ́ náà dáadáa, ẹ ó rí i pé ó súnmọ́ 50. Nọ́ńbà tí millis() fi ń ka àkókò máa ń kún lẹ́yìn ọjọ́ 49.7, á sì padà sí òdo. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé `millis() >= igbaToKu + isinmi`, tí ìṣírò náà sì bọ́ sórí ààlà yẹn, ìdúró náà lè má parí. Ẹ kọ ọ́ báyìí: `millis() - igbaToKu >= isinmi`, kí gbogbo wọn jẹ́ `unsigned long`. Ìyọkúrò yẹn máa ń bọ́ sí i bí nọ́ńbà tilẹ̀ ti padà sí òdo. Lager tó wà nínú otútù lè pẹ́ ju ọjọ́ 50 lọ, nítorí náà ẹ má rò pé kò ní kàn yín.

Gbogbo rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lórí tábìlì. Kí ni kí n dán wò kó tó kan ọtí?

Ẹ da omi 20 lítà sínú ike, ẹ gbé e sínú fìríìjì, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ kan gbáko, kí ẹ máa kọ ìgbóná sílẹ̀. Bí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ bá ń gbéra ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ ní wákàtí kan, ẹ fẹ àlàfo yín sí i.

Lẹ́yìn náà, ẹ bà á jẹ́ fúnra yín. Ẹ yọ wáyà sẹ́ńsọ̀ nígbà tí hítà ń tàn lọ́wọ́, kí ẹ ka iye ìṣẹ́jú àáyá tó gbà kó tó kú. Ẹ yọ iná ẹ̀rọ, kí ẹ dá a padà lójú ẹsẹ̀, kí ẹ tẹ́tí sí relay: kò gbọ́dọ̀ ró kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé. Ẹ di sẹ́ńsọ̀ mú sínú àtẹ́lẹwọ́ títí yóò fi kọjá 30°C, kí ẹ rí i pé fìríìjì ló tàn, pé kì í ṣe hítà. Mo mọ ẹni tó ti so wáyà méjèèjì yẹn sódì, tó jẹ́ pé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ló fi mọ̀, kí ọtí rẹ̀ tó débẹ̀.